Yíǹkì Búje

Ọjọ́ Ajé, 3 May 1982
Ìwé tuntun. Bébà rẹ̀ nípọn, yíǹkì kì í là á kọjá. Mo kọ orúkọ mi sí ojú ewé àkọ́kọ́, Olútóyìn Fọláyan, mo wá jókòó tì í, mò ń wò ó. Adúmáadán ni mo fi kọ ọ́ — gègé mi dúdú, tí mo rà nígbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí tíṣà. Ẹnu rẹ̀ ti mọ ọwọ́ mi.
Ṣùgbọ́n yíǹkì tó kù nínú ìgò kò mu ìka kan.

Ọjọ́rú, 5 May
Matthias tí a jọ ń ṣe tíṣà lọ sí Àkúrẹ́. Kò rí yíǹkì rà. Wọ́n ní ọjà òkè òkun kò wọlé dáadáa mọ́. Báírò méjì ló rà bọ̀ fún mi. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n báírò kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 May
Màmá dé láti Atosin. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọn yóò sinmi lọ́dọ̀ mi ní Odode. Wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń fọ àwọn gègé. Wọ́n ní ẹni ọgbọ̀n ọdún ń fọ igi bí ẹni ń wẹ ọmọ. Màmá kò mọ̀wé. Àwọn ọkùnrin nìkan ni bàbá wọn rán nílé-ìwé.

Àbámẹ́ta, 8 May
Òjò. Mò ń ṣọ́ yíǹkì lò.

Ọjọ́ Àìkú, 9 May
Bí a ti ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ká èso kan. Wọ́n ní búje ni, òun ni wọ́n fi ń ya ara lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà èwe àwọn lórí Òkè, níbi tí ìlú wa wà tẹ́lẹ̀. Mo béèrè bóyá ó ṣe é kọ̀wé. Wọ́n ní ta ló fi búje kọ̀wé rí? Síbẹ̀ wọ́n ká márùn-ún sí i, wọ́n fi ewé dì í, kó má baà ta sí aṣọ funfun wa.
Nílé, a gún un, a fún omi rẹ̀. Kò ní àwọ̀ rárá. N kò jẹ́ fi sínú Adúmáadán, kó má lọ dí i lọ́fun. Ẹlẹ́nu-ṣóńṣó, gègé mi kan tí à ń tì bọ inú ìgò, ni mo fi kọ ìlà kan. Kò hàn. Ó dùn mí. Màmá ní kí n fi sílẹ̀ di àárọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 10 May
Ó ti dú. Dúdú tí aró wà lábẹ́ rẹ̀. N kò rí irú rẹ̀ nínú ìgò kankan rí. Inú mi dùn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́bọ̀, 13 May
Mo dé láti ilé-ìwé, mo bá Màmá nídìí tábìlì mi. Wọ́n ní kí n fi bí a ṣe ń di gègé mú han àwọn. Mo rò pé orúkọ wọn, Hannah, ni wọ́n fẹ́ kọ. Kì í ṣe orúkọ. Ìlà ni, mẹ́ta mẹ́ta, pẹ̀lú aláǹgbá kéékèèké láàrin wọn. Omi búje ni wọ́n fi yà á.
Àwòrán tí ìyá wọn fi búje yà sí wọn lápá ni, lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí ìdílé wọn sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè. Ìyá náà kú kí ọdún tó yí. Búje kì í pé ogún ọjọ́ lára. Wọ́n ní àwọn kò jẹ́ kí omi kan apá náà, síbẹ̀ ó parẹ́. Ó lé ní àádọ́ta ọdún. N kò gbọ́ èyí rí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 May
Ojú ewé náà ti dú láàárọ̀ yìí, ó hàn kedere. Màmá na apá wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń wo méjèèjì.
“Tóyìn, ṣé tinú ìwé náà máa parẹ́?”
Mo ní, “Màmá, n kò mọ̀.”
Wọ́n tún mú Ẹlẹ́nu-ṣóńṣó.
“Ṣí ojú ewé mìíràn fún mi.”
Wọ́n ń ya ìlà àti aláǹgbá náà sí ojú ewé kẹrin báyìí.