Ọkọ̀ Ogun Páálí Tí Sami Fẹ́ Bà Jẹ́ Mọ́ Màrúf Lọ́wọ́

Ọdún mẹ́ta rèé tí o lọ, Màrúf. Ọdún mẹ́ta gbáko! Fauziyyah ìyàwó rẹ ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní Kùránì báyìí. Lama ọmọ rẹ ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ, Lárúbáwá ló ṣì fi ń dá wa lóhùn bí a bá bá a sọ Yorùbá. Ẹlòmíràn ló jókòó sórí àga rẹ ní èbúté Jíddà, òun ló ń to ìwé ẹrù. Gbogbo ìyẹn ń lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Ọ̀rọ̀ Sami ọ̀rẹ́ rẹ ni kò lọ.

O mọ ẹ̀gbọ́n rẹ, Àlàájà Sakina. Nígbà ayé rẹ, kò sí ohun tó kẹ́gàn tó ọkọ̀ ogun tí o ń fi páálí ṣe. Àgbà ọkùnrin tó ní iṣẹ́ tó sì ní ìyàwó, kó máa fi abẹ gé páálí dàbínù, kó máa fi sítáàṣì lẹ̀ ẹ́ mọ́ra ní ìpele ìpele, nítorí kí òun àti Sami kábíńtà lè máa tì í síwá tì í sẹ́yìn lórí tábìlì lọ́jọ́ Jímọ̀! Kí wọ́n máa fi rúlà wọn ibi tí ìbọn dé, kí wọ́n máa ju dáìsì nítorí ogun tí kò sí níbì kankan! Sakina á yọ ṣùtì sí ọ, á ní ọpọlọ rẹ ń jò.

Síbẹ̀, orí òrùlé rẹ̀ ní Al-Ka'kiyah, ní Mẹ́kà, lo máa ń gbé wọn wá sá. Afẹ́fẹ́ òkun Jíddà kì í jẹ́ kí páálí tó mu sítáàṣì gbẹ dénú. Àwọn tó ń lọ ṣe úmúrà ló máa kún inú bọ́ọ̀sì, ìwọ á jókòó láàárín wọn, ọkọ̀ ogun lórí itan.

Nígbà tí o kú, ọkọ̀ tó ń kó sójà kan, onítáyà mẹ́jọ, wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Sami ní Al-Mahjar, ní Jíddà. O ti gé gbogbo rẹ̀ tán, o ò tíì lẹ̀ ẹ́. Lama bẹ Sami pé kó fún òun, pé ohun tó kù tí ọwọ́ bàbá òun kàn kẹ́yìn nìyẹn. Sami ní rárá, iṣẹ́ ọkùnrin ni, òun fúnra òun ló máa parí rẹ̀, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ yín tó kù á fi jagun lórí tábìlì ní ìrántí rẹ. Ọ̀rẹ́ àtàtà! Ọdún mẹ́ta ló fi jù ú sábẹ́ pákó. Nígbà tí ìrántí ọdún kẹta ku ọ̀la ló tó rántí. Ó lẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ó kùn ún ní ọ̀dà lọ́sàn-án. Kò sá a rárá.

Jímọ̀ méjì sẹ́yìn, a lọ wò ó. Táyà ti ká kò. Ikùn rẹ̀ wú. Ilé ìbọn orí rẹ̀ dojú bolẹ̀. Sami ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n dà á nù, ṣebí páálí ni, òun ti ra oníke. Omi ń bọ́ lójú Lama. Sakina gbé ọkọ̀ náà kúrò lórí tábìlì, ó wo kábíńtà yẹn látòkè délẹ̀, ó fi Lárúbáwá bá a wí kó lè yé e dáadáa:

“Ọdún méjìlélógún lo ti ń fi igi jẹun, Sami, o ò mọ̀ pé wọn kì í kun ohun tútù?”

A gbé e lọ sí Mẹ́kà. Inú rẹ̀ ṣì tutù, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣeé tú. Lama ṣí i ní awẹ́ awẹ́, ó gé ara tuntun bò ó, ó tún un lẹ̀. Ó wá bi Sakina pé ọjọ́ mélòó ni bàbá òun ń sá a.

Sakina kò ronú kó tó fèsì. Ọjọ́ mẹ́ta. Àárín pákó méjì, àpò ìrẹsì kan lórí rẹ̀. Yí i padà lẹ́yìn Àsùbáà, gbé e sábẹ́ ìbòòji kí Àyìlá tó kọjá. Ibẹ̀ ló ti rí i pé òun ti tú àṣírí ara òun. Lama ń wò ó, kò yé wò ó. Ṣé o mọ̀, Màrúf? O máa ń gbé e sílẹ̀, wàá padà sí Jíddà. Èébú ló fi ń gbà á lọ́wọ́ rẹ, òun náà ló sì ń gòkè lọ yí i padà láràárọ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe é. Kò sọ fún ọ rí.

Jímọ̀ tó kọjá, Lama gbé ọkọ̀ náà dé Al-Mahjar. Ó dúró ṣánṣán lórí táyà mẹ́jọ. Àwọn ọ̀rẹ́ yín ń fi ìka kàn án, ó ń dún ko ko. Sami béèrè ẹni tó sá a.

“Èmi ni,” ni Sakina wí. “Èmi ni mo máa ń sá gbogbo rẹ̀ fún un.”

Sami, tí kò jámọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀, ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìwọ ló yẹ kó gbọ́ ọ. Nígbà tí a délé, Sakina sunkún, ó ní ká kọ ọ́ sínú ìwé yìí pé àwọn ọkọ̀ yẹn dára, pé wọ́n dára láti ìbẹ̀rẹ̀. Àárò rẹ ń sọ gbogbo wa, Màrúf. A fẹ́ràn rẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ká sọ ọ́ fún ọ bẹ́ẹ̀.