Bí Ẹ Ṣe Máa Ń Pe Orúkọ Ìlú Kí Ẹ Tó Ki Wáyà Bọlé

Bàbá mi, ẹni iyì mi,

Mo kí yín o. Ara Màmá le, a sì ti pààrọ̀ páànù tó ń jò lókè yàrá yín. Ohun tó jẹ́ kí n mú bíró lónìí ni pé mo bá Ọ̀gá iléeṣẹ́ wa fa ọ̀rọ̀ kan, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ẹ ò mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí. Iléeṣẹ́ wa ló ń pín irúgbìn àti ajílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Kọ̀mpútà kan wà ní Tápà, ọ̀kan ní Lánlátẹ̀, ọ̀kan ní Ìgàngàn, orúkọ àwọn àgbẹ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan ló wà nínú wọn. Èmi jókòó sí Èrúwà níbí, mò ń gba orí wáyà tẹlifóònù wọ inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ṣètò wọn. Ẹ wò ó, Bàbá, iṣẹ́ yín náà ni! Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sídìí pátákó tẹlifóònù oníhò ní pósítọ́fíìsì, tí ẹ ń ki wáyà bọ ihò ìlú kan, tí ẹ ń yọ ọ́, tí ẹ ń kì í bọ òmíràn, kí ará ibí lè bá ará ọ̀hún sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ nìkan ló yàtọ̀.

Ṣé ẹ rántí pé ẹ kì í ki wáyà bọlé láìpe orúkọ ìlú náà sókè? "Lánlátẹ̀ ni o!" Bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀, ẹ ó pè é. Nílé pàápàá, bí ẹ bá fẹ́ fún wa lóògùn ibà, ẹ ó pe orúkọ ọmọ tó fẹ́ mu ún, ọmọ náà ó dáhùn, kí ẹ tó ṣí ìgò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níléèwé a máa sín yín jẹ. Lọ́jọ́ kan tí mo mú wọn wá sí pósítọ́fíìsì, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ dákẹ́. Ẹ ò bá mi wí. Ẹ dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo rí ètè yín tó ń mì kí ẹ tó ki wáyà kọ̀ọ̀kan bọlé. Ó ṣì ń dùn mí. Kí ló dé tí ẹ ò fi gbá mi létí?

Ètò méjì ni wọ́n mú wá fún wa láti Ìbàdàn, ká yan èyí tí a ó fi máa darí àwọn kọ̀mpútà náà. Èkínní rẹwà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín: ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń tò sójú kan náà, àwọ̀ kan náà, orúkọ ìlú wá rí tín-ín-tín nísàlẹ̀. Èkejì kò fani mọ́ra. Ìlú kan ṣoṣo ló ń fi hàn, orúkọ rẹ̀ gàdàgbà lókè, bí èèyàn bá sì fẹ́ pa nǹkan rẹ́, àfi kó kọ́kọ́ tẹ orúkọ ìlú náà tán pátá. Ọ̀gá fẹ́ràn èkínní. Wọ́n ní a ò lè máa rìn bí ìgbín.

Òun la kọ́kọ́ lò, òun ló sì kó bá mi. Àkọsílẹ̀ Tápà ti èṣí ni mo fẹ́ pa rẹ́. Inú kọ̀mpútà Ìgàngàn ni mo wà, n ò mọ̀. Mo tẹ bọ́tìnì. Gbogbo àgbẹ̀ Ìgàngàn tó forúkọ sílẹ̀ fún irúgbìn pòórá, òjò àkọ́rọ̀ sì ti ń ṣú. Ẹ̀bi mi ni, n ò ní dì í ru ẹ̀rọ.

Ọ̀kadà ni mo gùn lọ síbẹ̀, mo ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé láti kọ orúkọ wọn padà. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń gbin iṣu gbójú sókè wò mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé mo ti kú ni, tí ẹ fi pa orúkọ mi rẹ́?" Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, mo sì kọ orúkọ wọn.

Nígbà tí mo padà dé, mo wọlé tọ Ọ̀gá. Mo ní bí a bá yan èyí tó rẹwà, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa tọ́jú orúkọ àwọn èèyàn. Inú bí wọn. Wọ́n lé mi jáde lẹ́ẹ̀mejì, mo padà wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ mọ̀ pé orí mi le, ẹ̀yin ni mo jọ. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n ṣe é bó ṣe wù mí, ṣùgbọ́n bí orúkọ ẹnì kan bá tún sọnù, iṣẹ́ mi ló lọ yẹn. Mo ní ó dáa.

Àárọ̀ yìí ni mo gbé ètò kejì sórí kọ̀mpútà. Kí n tó fọwọ́ kàn án, mo pè é sókè: "Ìgàngàn ni o!" Ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé fún wa bú sẹ́rìn-ín. Mo tẹ orúkọ ìlú náà tán pátá, mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Kò pẹ́ tí Ọ̀gá mú àwọn àlejò oníkóòtù láti Ìbàdàn wọlé wá wo iṣẹ́ wa. Tápà ló kàn. Ojú tì mí, Bàbá, n ò ní purọ́ fún yín. Ètè mi ti fẹ́ máa mì lásán bíi tiyín lọ́jọ́ náà. Mo wá gbóhùn sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ, gbogbo wọn sì yíjú wò mí.

Ṣé ẹ gbọ́?

Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ní kí ẹ dákẹ́ lọ́jọ́sí.