Màámi, Ẹ Má Jẹ́ Kí Ṣadé Di Ẹrù Rẹ̀ Wá

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Abẹ́òkúta. Ẹ bá mi kí Bàámi pé wọ́n kú oko, kí Ìdòwú náà kú ìwé. Ẹ ní Ṣadé, ọmọ Àǹtí Bísí, ń bọ̀ wá bá mi gbé láti Sátidé, pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Mo ní mo ti gbọ́, mà. Ẹ dúró ná.

Ohun tí mo rí láàárọ̀ òní nìyí: bàtà obìnrin lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wa ní Láfẹ́nwá, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa, ẹni tó ni bàtà lórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀kọ kan tí wọn ò tíì tú léwé, omijé tí wọn ò nù.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀gá mi ló ń gba àwọn tí wàhálà ti wọ̀ lọ́rùn nímọ̀ràn. Èmi ń ṣílẹ̀kùn, mo ń gbé omi. Tíṣà ni obìnrin yìí. Wọ́n ń kọ́ ọmọ, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń tọ́jú ìyá ọkọ, àwọn náà tún ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Aké. Ọ̀gá mi ní kí wọ́n máa jí ní ìdájí ṣeré ìdárayá. Tíṣà ní, mo ti gbọ́, mà. Ọ̀gá mi tún ní kí wọ́n máa ka ìwé kan lálaalẹ́. Mo ti gbọ́, mà. Ọ̀gá mi dàgbà jù wọ́n lọ. Ta ló máa wojú àgbà kó ní rárá? Ẹni tí ẹrù ń pa wá sọ́dọ̀ wa, àwa náà tún gbé igbá lé e. Ó sú mi!

Bí mo ṣe gbé omi dé, mo bi Tíṣà pé èwo ni wọ́n máa yọ kúrò nínú gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní ta ló rán èmi ọmọ kékeré níṣẹ́. Mo ní kí wọ́n má bínú. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé, wọ́n ní ọ̀gá mi ni àwọn máa kọ́kọ́ yọ.

Ọ̀gá mi gbọ́ láti inú yàrá. Mo ní ó tán. Wọ́n jáde, wọ́n jókòó ti Tíṣà, wọ́n ní ṣé ẹnu ń dùn wọ́n látọjọ́ yìí ni. Tíṣà ní ṣé kí àwọn máa já àgbà lẹ́nu ni. Ọ̀gá mi wá ní kò sí ìdárayá mọ́, kò sí ìwé, kí Tíṣà lọ sùn. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní kí èmi náà máa lọ sinmi nílé.

Màámi, ẹ ní kí Kúnlé mọ̀lẹ́bí wa wá gbé ọ̀dọ̀ mi, mo gbà. Ó ṣì wà níbẹ̀, ó ń hanrun. Ẹ ní kí n máa bá Àǹtí Bísí gba ẹrù ní gáréèjì, mo ń gbà á. Bẹ́ẹ̀dì kan àti sítóòfù ni yàrá mi gbà. Bí Ṣadé bá wọlé, èmi ni màá jáde. Rárá, mà. Kò ṣeé ṣe. Kì í ṣe pé Abẹ́òkúta ti gùn mí lórí. Ẹ bá mi bẹ Àǹtí Bísí.

Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde nínú ìwé ìròyìn torí kì í ṣe ilé wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Àti pé bí mo bá pè yín, ohùn yín á mú mi, màá tún gbà.

Kí Ọlọ́run dá yín sí, kí ẹ̀gẹ́ ọdún yìí ta dáadáa. Ẹ kí gbogbo ará Owódé tó bá bi yín léèrè mi. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló lù yìí. Oòrùn ṣì mú lójú fèrèsé. Mo ti pa fóònù, mo dùbúlẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmi