Àfẹ́sọ́nà Mi Ní Àbàtà Wa Kò Lẹ́ni Tó Ni Ín

Mo gbọ́ Faransé, àfẹ́sọ́nà mi kò sì mọ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ fún un. Mo gbé ọ̀dọ̀ àǹtí mi ní ìlú Savalou, mo lọ ilé ìwé díẹ̀ kí wọ́n tó ní kí n padà sílé lẹ́bàá Akpassi níbí... Faransé tirẹ̀ dán débi pé mo bẹ̀rù kó má fi tèmi rẹ́rìn-ín.

Àbàtà kan wà lẹ́yìn abúlé wa. Ibẹ̀ ni àwa obìnrin ti ń pa ẹja, ibẹ̀ la ti ń gé ewé tí a fi ń hun ẹní. Tí òjò bá dé tí ẹja fẹ́ yé ẹyin, ìyá mi ló ń so màrìwò dí ọ̀nà àbàtà náà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ju àwọ̀n títí yóò fi tú u. Àfẹ́sọ́nà mi mọ̀! Ìṣojú rẹ̀ ni ìyá mi so ti ọdún yìí...

Lóṣù tó kọjá, ó tẹ̀ lé àwọn òyìnbó wá, ó ń ṣe ògbufọ̀ wọn. Wọ́n ní àwọn ẹyẹ ń ti òkè òkun wá sínú àbàtà wa lákòókò ọyẹ́, pé àwọn orílẹ̀-èdè ti fìmọ̀ ṣọ̀kan láti dáàbò bo irú omi bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá béèrè ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Inú mi dùn, mo ń retí kó dárúkọ ìyá mi... Ó fi Faransé dá wọn lóhùn pé kò sẹ́ni tó ni ín. Ó ní àwọn obìnrin ibí ń kó ẹja tẹyin-tẹyin, àfi kí wọ́n fi wáyà yí i ká, kí wọ́n sì gba olùṣọ́. Ó wá yíjú sí wa, ó fi èdè wa sọ pé kànga ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ fún wa. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́! Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, "Ìyàwó ògbufọ̀, o ò ní rìn jìnnà pọnmi mọ́ o!" Èmi nìkan ni mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó fẹ́ gun alùpùpù rẹ̀, ó sọ fún mi pé àwọn òyìnbó yóò gba òun síṣẹ́ olùṣọ́, pé a ó kọ́lé, àmọ́ kò sọ ohun tí òun yóò máa ṣọ́. Ṣé nítorí tèmi ló ṣe ta ìyá mi? Àbí mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ rárá?

Tí ọyẹ́ bá dé, àwọn àgbà wa yóò tẹ ìka sí ìwé tí àwọn òyìnbó máa mú wá, wọ́n rò pé ti kànga ni. Tí mo bá sọ̀rọ̀ ní gbangba, ẹ̀tẹ́ dé bá a, ìgbéyàwó tán, wọn á sì bi mí pé kí ló dé tí mo dákẹ́ látọjọ́ yìí. Tí mo bá dákẹ́... kí la ó máa jẹ? Ṣé òyìnbó tilẹ̀ máa gba ọmọbìnrin bíi tèmi gbọ́?

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń wá jẹun nílé wa. Ìyá mi ló ń yan ẹja sílẹ̀ dè é, èyí tó tóbi jù nínú àwọ̀n ló ń mú fún un. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n kọ́kọ́ bi í léèrè lóun nìkan, àbí kí n sọ fún ìyá mi kó tó gbé abọ́ kalẹ̀ níwájú rẹ̀? Kí ni kí n ṣe?