Ìparí Ìwé Tí Gudge Kò Ní Kà

                                        Ilé Mísì Pellow,
                                        Thornacombe,
                                        Devon.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, 1934.

Ẹ̀gbọ́n mi Reuben,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́ èbúté, ẹ sì kú òtútù. Ṣé ara yín le? Edith ńkọ́? Ṣé ikọ́ ọmọ ti rọlẹ̀? Ẹsẹ̀ ń dun Màmá díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n kí yín. Ẹ má bínú pé mi ò tètè kọ̀wé. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ Gudge parí kí n tó sọ ọ́ ni.

Ẹ rántí pé èmi ni mò ń fi ẹ̀rọ tẹ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fún Mísì Pellow. Ìwé méjì léraléra, kó tó dé ọjà ni gbogbo abúlé ti mọ apànìyàn inú rẹ̀. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀n ní bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn ò ní gba ìwé Mísì Pellow mọ́. Èmi ni wọ́n nawọ́ sí. Gudge, ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́, ló pariwo jù. Nínú ilé ọtí ló ti sọ lójú gbogbo èèyàn pé, “Wilfred, ẹnu rẹ kò ní ìlẹ̀kùn.” Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá.

Mo fẹ́ gbá a lẹ́nu. Mísì Pellow ló dì mí mú, wọ́n ní ogún ọdún làwọn ti fi ń mú apànìyàn lórí bébà, olófòófó kan kò lè ṣòro. Wọ́n jókòó sídìí ẹ̀rọ fúnra wọn, wọ́n tẹ orí ìparí mìíràn tó jẹ́ irọ́, wọn ò jẹ́ kí n rí i. Wọ́n fi èdìdì dì í, wọ́n gbé e fún Gudge pé kó fi ránṣẹ́. Èyí tó jẹ́ òótọ́, abẹ́ kóòtù mi ló wà nínú ọkọ̀ ojú irin, títí mo fi dé Lọ́ńdọ̀n.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi, Mísì Pellow àti ọlọ́pàá Nance jókòó sílé ọtí. Gudge mu ọtí ápù rẹ̀ tán, ó nu irùngbọ̀n, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fowó ṣòfò lórí ìwé tó ń bọ̀, nọ́ọ̀sì ló pa ọkùnrin náà, Wilfred ló sọ fóun.

Mísì Pellow rọra dìde. “Ọ̀gbẹ́ni Gudge, kò sí nọ́ọ̀sì nínú ìwé mi. Inú àpò ìwé tí mo dì fún yín nìkan ló wà. Wilfred gan-an kò mọ̀ ọ́n.”

Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọjọ́ olè àti ọjọ́ olóhun. Nance gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wá bẹ̀ mí pé kí n bá wọn bẹ Mísì Pellow. Mo kọ̀. Ẹ má bá mi wí, ẹ̀yin kọ́ lẹ rí Màmá nígbà tí wọ́n dá jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

Ìwé náà jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ra ẹyọ kan, mo ya ewé tó kẹ́yìn, mo sì fi ìyókù ta Gudge lọ́rẹ. Gbogbo abúlé, títí kan ẹni tó ń ta ìwé, la jọ fẹnu kò pé a ò ní jẹ́ kó mọ ìparí rẹ̀. Lánàá, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, fìlà lọ́wọ́.

“Wilfred, ọmọ mi, jọ̀ọ́, ta ló pa á? N ò rí oorun sùn.”

“Ẹnu mi ti ní ìlẹ̀kùn báyìí, sà,” ni mo fi dá a lóhùn. Mo sì tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ẹ bá mi kí Edith, ẹ bá mi gbé ọmọ jó. Ewé tí mo ya náà wà nínú lẹ́tà yìí. Ẹ kà á tán, kẹ́ ẹ jù ú síná. Kò sẹ́ni tó máa tú u wò lọ́nà mọ́.

Èmi àbúrò yín tí kì í gbàgbé,
Wilfred.