Àmì Ẹnu Àpò Wa Tó Wà Lórí Pọ́tábù

Takon, ní ìhà Sakété

Arlette ọmọ mi, àkọ́bí mi obìnrin, ọmọ Ṣóbándé,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Kútọnu, mo sì kí ọ kú àárò wa. Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ láìfarapa kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ kọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, ọ̀gá rẹ kò ní fojú burúkú wò ọ́. Bí o bá ń béèrè wa, a wà. Orókún bàbá rẹ ṣì ń dùn ún, àmọ́ kò dí i lọ́wọ́ àtimáa rìn lọ síbi ayò. Òjò ti rọ̀, ẹ̀gẹ́ ti ta dáadáa, ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ ti bí ìbejì, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan láwọ̀ eérú. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ìwé yìí o, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni, kí ìyà tí mo jẹ ní kíláàsì àwọn àgbà má baà já sásán.

Mo dúpẹ́ fún pọ́tábù, fóònù alágbèéká tí o fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e wò, omi bọ́ lójú mi. Mo rí i nísàlẹ̀ pátápátá, lápá ọ̀tún, lábẹ́ nọ́ḿbà mẹ́sàn-án, fọ́nrán méjì dúró, méjì dùbúlẹ̀ lé wọn lórí, báyìí: #. Àmì ẹnu àpò wa! Mo pe bàbá rẹ, mo ní ẹ wá wo ohun tí ọmọ yín ṣe, ó ní kí wọ́n rán àmì ìdílé mi sórí pọ́tábù. Bàbá rẹ ní ó dára, ṣùgbọ́n kí ló dé tí o kò fi tòun sí i. Nítorí náà bí ààyè bá wà, jẹ́ kí wọ́n fi ọkọ́ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí ìràwọ̀ wà, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

O mọ̀ pé ìyá ìyá mi ló bẹ̀rẹ̀ àmì yẹn. Bí ó bá sẹ́ gàrí tirẹ̀ tán, á tún un sẹ́, nígbà tó bá sì ń rán ẹnu àpò, á fi okùn ìko ya asẹ́ síbẹ̀, méjì dúró, méjì dùbúlẹ̀, kí ẹni tó bá rà á lè mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì la sẹ́ ẹ, kò sí òkúta níbẹ̀. Kò sí alágbàrù kan lọ́jà Sakété tí kò mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo rí i lórí pọ́tábù ẹni tó fi alùpùpù gbé mi. Mo rí i lórí ti pásítọ̀ ìjọ wa, mo tún rí i lórí ti ọkùnrin tó ń ta epo alùpùpù nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Inú bí mi. Ta ló yọ̀ǹda fún wọn? Mo wé gèlè mi, ó di kíọ́sì Jocelyne, ẹni tó ń ta kírédì, tó sì ń fi ọ̀dínátẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, tẹ ìwé fún ènìyàn nítòsí ọjà. Mo ní kó bá mi tẹ ìwé ẹjọ́. Jocelyne ní ta ni kí òun kọ pé a ń pè lẹ́jọ́. Mo ní kó kọ gbogbo wọn. Ó wá fi pátákó tí wọ́n to lẹ́tà sí hàn mí, àmì wa tún wà níbẹ̀, ó sì ní dìẹ́sì ni àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é.

Mo ní kí ni wọ́n wá ń fi í ṣe. Ó ní bí ènìyàn bá fẹ́ wo kírédì tó kù, á tẹ ìràwọ̀, á tẹ nọ́ḿbà, ṣùgbọ́n bí kò bá fi dìẹ́sì parí rẹ̀, pọ́tábù ò ní dá a lóhùn. Mo ní òótọ́ ni, àpò tí a ò rán ẹnu rẹ̀, ta ni yóò gbé e? Ó ní àwọn mìíràn ń fi í síwájú ọ̀rọ̀ lórí Fẹ́sìbúùkù, gbogbo ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ kan náà níbikíbi láyé, ọ̀rọ̀ wọn á kó jọ sójú kan. Mo ní iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́dọ̀ tiwa náà nìyẹn: bí àwọn alágbàrù bá ń já ẹrù, gbogbo àpò tó bá ní àmì yẹn, ojú kan ni wọ́n ń kó o sí. Ó ní nílùú mìíràn wọ́n ń fi í síwájú nọ́ḿbà. Èyí ni kò yé mi, wọn ìbá ti béèrè lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó ṣe é. Mo rò ó títí, mo wá rí i pé òyìnbó kan ló ra gàrí wa ní Àjàṣẹ́ láyé ọjọ́un, ó jẹ ẹ́, kò rí òkúta, ó sì wo ẹnu àpò náà dáadáa kó tó padà sílé. Inú mi bá rọ̀, mi ò bínú sí wọn mọ́. Ohun tó dára ni ènìyàn ń kọ́.

Ẹni tí mo ń bínú sí ni Valentin, akọ̀wé gúrúpùmá, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa alágàrí. Ó mú fíṣì kan wá, ìwé tí orúkọ gbogbo wa wà, ó ní láti ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ọkọ̀ kan ni yóò máa kó gàrí gbogbo wa, kí oníkálukú gba nọ́ḿbà tí wọn ó máa kọ sára àpò rẹ̀. Wọ́n fún mi ní mẹ́rìnlá. Mo ní èmi ní àmì tèmi. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá, èyí wà lórí gbogbo pọ́tábù ayé, kò lẹ́ni tó ni ín, ẹ fi í sílẹ̀. Mo yọ pọ́tábù mi, mo ní ṣé o rí i, gbogbo ayé ló jẹ́rìí sí i. Ó ní ohun tí òun ń wí gan-an nìyẹn. Ọmọ yẹn kàwé, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò yé e. Bàbá rẹ bẹ̀ mí pé kí n má bá wọn jà, mo bá fọwọ́ sí i.

Ní ọjà tó kọjá yìí, mo gbé àpò mẹ́ta lọ, mi ò ya asẹ́ sẹ́nu wọn, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ mẹ́rìnlá sí wọn lára. O mọ Ìyá Hortense ti Àjàṣẹ́, tó ti ń ra gàrí lọ́wọ́ ìyá mi kí n tó lọ́kọ. Ojú rẹ̀ ti fọ́ pátápátá báyìí. Ọmọ rẹ̀ ló ń fà á lọ́wọ́ wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń yan ọjà. Ó ń fọwọ́ pa ẹnu àpò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pa tèmi, ó kọjá. Ó padà, ó tún pa á, ó tún kọjá. Mo dúró tì í débi pé aṣọ rẹ̀ ń kàn mí, mi ò sọ̀rọ̀, torí Valentin ní kí ẹnikẹ́ni má dá oníbàárà pè. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìyá yìí wá dúró láàárín ọjà, ó fi èdè Gùn béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn pé ìgbà wo ni Marcelline kú, kí ló dé tí wọn ò ránṣẹ́ pe òun wá síbi ìsìnkú.

Arlette, èmi ló ń wí! Mo ní Ìyá, mo wà níhìn-ín. Ó di ọwọ́ mi mú, ó bú sẹ́kún, ó ní kí ni òun ṣe tí mo fi ń fara pamọ́ fún òun. Ojú tì mí gidigidi. Mo yọ abẹ́rẹ́ àpò, mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo tú ẹnu àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì ń tún wọn rán. Valentin ní bí mo bá rán ẹyọ kan, òun á fa orúkọ mi yọ nínú fíṣì. Mo rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó fà á yọ.

Nítorí náà ọkọ̀ ọjọ́ Ẹtì ò ní kó tèmi. Àpò mẹ́fà ló wà nílẹ̀, èmi fúnra mi ni n ó kó wọn lọ sí Àjàṣẹ́. Bàbá rẹ ní mo ti dàgbà jù. Mo ní mi ò tíì dàgbà tó Ìyá Hortense. Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí pọ́tábù yìí, kí o sì fi ti okùn ìko kún un, àti ti òróró orókún bàbá rẹ bí agbára bá gbé e. Lẹ́yìn náà, lọ bá ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ pọ́tábù ní Kútọnu. Má bá wọn jà o. Sọ fún wọn pé mo yọ̀ǹda, kí wọ́n máa lò ó lọ, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ mọ́ pé kò lẹ́ni tó ni ín.

Ọlọ́run yóò ṣa òkúta kúrò lọ́nà rẹ. Níbi tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ sí, ẹnikẹ́ni ò ní fà á yọ. Àwọn tó ń wá ọ kò ní wá ọ tì. Nígbà tí ọwọ́ rẹ bá sì dé orí àmì yẹn, rọra máa tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ìyá ìyá mi ni.

Èmi ni ìyá rẹ tó wà láàyè,
Marcelline.