Ẹnì Kejì Tí Kò Mọ̀wé

                                        Yàrá Ìsàlẹ̀,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Búrẹ́dì.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí yàrá mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ọmọ ọmọ mi ló yẹ kó kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ní "òmùgọ̀," "ẹni tí kò fara balẹ̀" ló máa ń kọ sílẹ̀. Aránṣọ ti ṣèlérí pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ lòun máa kọ ọ́.

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé o ti ń lo oògùn tí wọ́n fún ọ, àbí inú dúrọ́ọ̀ ló ṣì wà, tó ń wo dúrọ́ọ̀ sàn? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bá rédíò jiyàn? Bá mi kí i. Ara tèmi le. Eyín kan tó kù lápá òsì ti lọ, àárò rẹ̀ ò sì sọ mí.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ti ọmọ mi oníbúrẹ́dì. O mọ̀ pé àwọn oníbàárà kì í mú owó lọ́wọ́ mọ́. Káàdì ni wọ́n ń fi sára ẹ̀rọ, owó á sì lọ sí àkáǹtì ilé búrẹ́dì. Ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, ọkùnrin kan pe fóònù ṣọ́ọ̀bù, ó ní ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ náà lòun ti ń pè, pé ẹ̀rọ fẹ́ kú, kí wọ́n ka nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ fún òun kóun bá wọn jí i. Ìyàwó ọmọ mi ló gbé fóònù, ó sì kọ́kọ́ béèrè orúkọ rẹ̀. Olè náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì bí àgbàlagbà, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni, tó o fi ń bi bàbá ẹ ní orúkọ?" Ni ìyàwó bá kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún fóònù, àbúrò mi, nínú ìyẹ̀fun. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà," ó sì ka nọ́ńbà náà fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò gbàgbé láti dúpẹ́. Nọ́ńbà yẹn ni olè fi yí àkáǹtì tó wà nínú ẹ̀rọ padà sí tirẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni gbogbo ẹni tó ra búrẹ́dì fi ń sanwó sí àkáǹtì olè. Ẹ̀rọ ń sọ pé owó ti wọlé, ẹnikẹ́ni ò sì wo ibi tó wọ̀. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ ra ìyẹ̀fun tuntun ni wọ́n tó yẹ àkáǹtì wò. Òfìfo ni wọ́n bá.

Ọmọ mi ò tilẹ̀ fajú ro. Ó ń yan fanda kiri, pé òun ti ra adójútòfò. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, àwọn kan lò ń san owó díẹ̀ fún lóṣooṣù, kí wọ́n lè bá ọ ru àdánù lọ́jọ́ tó bá dé. Èmi ni mo fi èébú lé e débẹ̀, n kò sì kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn kì í ṣe òpè. Nínú fọ́ọ̀mù tó kọ nígbà tó fẹ́ rà á, wọ́n bi í bóyá ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó lè yí àkáǹtì tí owó ń lọ padà. Ó kọ "bẹ́ẹ̀ ni." Wọ́n ní ta ni ẹnì kejì. Àbúrò mi, orúkọ mi ló kọ. Èmi tí mo máa ń di ìwé iná mú ní ìdoríkodò.

Lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ wọn máa wá, ọmọ mi wá jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì mi, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. "Màámi, 'bẹ́ẹ̀ ni' lásán lẹ máa sọ. Bí wọn ò bá sanwó, ààrò tuntun yẹn ń lọ nìyẹn." Ọdún mẹ́fà ló fi ń lé ààrò yẹn, gbèsè rẹ̀ ò sì tíì tán.

Òṣìṣẹ́ náà dé, obìnrin kékeré kan báyìí tí bàtà rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń fọwọ́ sí i?" Mo ní, "Ìyá mi, n kò fọwọ́ sí nǹkan kan rí. Àárọ̀ yìí ni mo gbọ́ pé mo wà nínú fọ́ọ̀mù." Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ọmọ mi ì bá kó sí i. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti ọmọ mi ò lo oṣù mẹ́ta.

Wọn ò sanwó. Lọ́jọ́bọ̀, ọkùnrin mẹ́rin gbé ààrò kọjá lójú fèrèsé mi. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ mi ò ti bá mi sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ wá, òun náà ló sì wá bẹ̀ mí kí n di ẹnì kejì lóòótọ́. Ẹni tó bá fẹ́ yí àkáǹtì padà, yàrá mi ni yóò wá, yóò sì fi ẹnu rẹ̀ rojọ́. Mo ti lé ẹni méjì. Wọ́n ní báńkì ló rán ọ̀kan níṣẹ́ lóòótọ́; yóò padà wá. Bí fóònù bá sì dún báyìí, ìyàwó á gé e, á pe nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Orí ìdúró ló ti ń pè é.

Lónìí yìí ni kí o sọ fún ọmọ rẹ oníbàtà. Bi í ní ohun tó kọ sínú fọ́ọ̀mù adójútòfò tirẹ̀. Bó bá jẹ́ irọ́, kó lọ tún un kọ kí olè tó pè é. Lẹ́yìn rẹ̀, sọ fún olóògùn ẹ̀gbẹ́ ilé yín, tó ń dá gbogbo ohùn lóhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni, sà." Má sọ fún ọkọ rẹ, á jiyàn. Ọmọ mi ló kù. Yóò pè ọ́ láti fẹjọ́ mi sùn. Jẹ́ kó sọ tán. Kí o wá sọ fún un pé bí obìnrin adójútòfò yẹn bá padà wá lọ́la, ohun tí mo sọ náà ni n ó tún sọ. Bí fọ́ọ̀mù tuntun bá sì dé, kó gbé e wá síbí, kó ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sí mi létí kó tó kọ nǹkan sí i.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìyá Oníbúrẹ́dì.